Ẹgbẹ́ wa tó ń tọ́jú arúgbó n'Íbàdàn fẹ́ dá sí ohun tó máa rọ́pò SDG lẹ́yìn 2030. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí àsìkò la fẹ́ fi ṣòfò?

Ọmọ Bẹẹrẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ pín ẹgbẹ́ wa sí méjì, mo wá gbé e síwájú yín kí ẹ là mí lóye.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Tíṣà ni èmi, ẹnì kan ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jà Òjé, ẹnì kan jẹ́ télọ̀, akápò wa sì ń wa Micra láti Ìwó Road sí Bẹẹrẹ. Owó tí a ń dá lóṣooṣù la fi ń ṣiṣẹ́. À ń wọ agboolé kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn Mápó títí dé Ìdí Arẹ̀rẹ̀, à ń wo àwọn arúgbó tí kò lẹ́ni. Ọmọ àwọn kan wà l'Ékòó, kò ráyè. Ọmọ àwọn kan ti kú. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ bí rárá. A máa ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa ń ra páńpásì àgbà, tó bá sì le, Micra akápò la fi ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. A ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìwé wa pé.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tó jù wá lọ pè wá sípàdé ní Bódìjà. Wọ́n ní SDG, àfojúsùn mẹ́tàdínlógún tí gbogbo ìjọba àgbáyé fọwọ́ sí ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 2015, máa tán lọ́dún 2030, àti pé wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò lórí ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kéékèèké kọ tiwọn sí ojú ìwé méjì, kí ẹnì kan sì bá wọn gbé e lọ sí Abuja. Owó ọkọ̀, tiwa ni o.

Bí a ṣe gbé e délé ló di ariwo. Akápò ní: "Oògùn Ìyá Alákàrà ti tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wá ní ká máa lọ kọ lẹ́tà sí New York!" Télọ̀ wa bi í pé ọdún mélòó la fẹ́ fi máa ra oògùn Ìyá Alákàrà látinú àpò ara wa, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ló ni iṣẹ́ ọ̀hún. Èmi jókòó sáàárín, mi ò mọ ẹni tí mo lè gbè.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé ẹgbẹ́ aláàánú tiẹ̀ ti yí nǹkan kan padà rí nínú ìwé táwọn ààrẹ ń fọwọ́ sí? Bí wọ́n bá ti ṣe é rí, kí ló yẹ kí àwa kọ? Ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀, kí wọ́n má lọ sọ pé a ti ń ṣòṣèlú.

Ará Mọ́níyà

Àbúrò, akápò yín ló gbọ́n jù nínú yín.

Mo ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á fún yín ní báàgì, wọ́n á fún yín ní bírò, ẹ ó jẹ ìrẹsì àti ẹran adìẹ, ẹnì kan tó fi táì há ara rẹ̀ lọ́rùn á máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú, lẹ́yìn náà wọ́n á ya fọ́tò yín. Fọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ó máa wà nínú ìròyìn tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fún wọn lówó, pé àwọn ti bá aráàlú jíròrò. Ó tán.

MDG, àfojúsùn mẹ́jọ tó ṣáájú SDG, la kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní tó bá di 2015, ìyà á ti dín kù, kálukú á máa rẹ́rìn-ín. 2015 dé, wọ́n sọ mẹ́jọ di mẹ́tàdínlógún. Ṣé ẹni tí kò rí mẹ́jọ ṣe ni mẹ́tàdínlógún máa wá rọ̀ lọ́rùn? Nàìjíríà yìí kan náà ò tíì ka èèyàn inú ẹ̀ láti 2006. Ta ló mọ iye arúgbó tó wà ní Bẹẹrẹ nìkan?

Ẹ ra oògùn o jàre.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu

Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà, n ò bá yín jà lórí ìrẹsì àti adìẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ká mọ̀ nípa arúgbó, Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ẹ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti 1992 làwọn olùwádìí wa ní Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, ọsibítù ńlá rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ti ń wọ ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀, wọ́n ń yẹ iyè wọn wò lọ́dún díẹ̀díẹ̀. Àrùn ìgbàgbé ni wọ́n ń wá. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, gbogbo ayé ló gbọ́: iye àwọn tí àrùn náà ń mú láàárín ọdún kan ní Ìdíkàn ò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Lọ́dún 2003 ni ìwádìí ńlá mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, wọ́n bá èèyàn tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀, gbogbo wọn 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. UCH sì ti ní ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà nìkan láti 2012.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má mú ìtàn Ìyá Alákàrà nìkan lọ sí Abuja. Ìtàn dáa, ó ń pa èèyàn lẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹni tó sunkún náà á nu ojú ẹ̀, á gbàgbé. Ẹ lọ sí UCH, ẹ béèrè àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Inú wọn á dùn pé ẹnì kan láti Bẹẹrẹ wá bi wọ́n.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo fi iṣẹ́ ìjọba jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì sọ tèmi. N'Ágodi, ní sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni mo wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò owó. N ò ní dárúkọ ọ̀gá kankan, ẹ má bi mí.

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ mú. Wọ́n ti yí i padà rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló yẹ kí ẹ wò, torí pé kì í ṣe ariwo.

MDG tí Ará Mọ́níyà ń sọ, àwọn ààrẹ fọwọ́ sí ìpinnu ńlá kan ní New York lọ́dún 2000, nígbà tó di 2001 àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ jókòó nínú ọ́fíìsì, wọ́n fa àfojúsùn mẹ́jọ yọ látinú rẹ̀. Ta ni wọ́n bi? Wọ́n kọ omi mímu sí i, wọ́n gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àfìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún omi àti ìmọ́tótó pariwo títí, tí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Johannesburg fi dé lọ́dún 2002, ni wọ́n tó fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún un. Àwọn akàndá? Wọn ò sí nínú ìkankan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Arúgbó? Ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn dà níbí. Lọ́dún 2005, Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, wọ́gi lé gbèsè $18 bílíọ̀nù tí Nàìjíríà jẹ wọ́n. Owó tí a ò san mọ́ yẹn, ìjọba àpapọ̀ ní MDG ni wọ́n máa fi ṣe. Amina Mohammed tó jẹ́ igbákejì akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lónìí ló ń bójú tó o nígbà náà. Láti 2007, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdajì owó iṣẹ́ wá látinú àpò tirẹ̀. Èmi mọ èyí dáadáa, torí pé a jókòó ti àwọn ìwé yẹn títí iná fi kú lórí wa. Kànga ẹ̀rọ, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìtọ́jú aláboyún, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè nínú fọ́ọ̀mù, torí pé gbogbo rẹ̀ ló ní àfojúsùn tó dúró lé. Ẹnì kan nínú wa bi pé ṣé a lè kọ nǹkan kan fún àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọ̀gá wa ò bínú o, ó kàn wo fọ́ọ̀mù náà lókè nílẹ̀, ó ní: "Abẹ́ èwo ni ká kọ ọ́ sí?" Kò sí abẹ́ èwo. Bí a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá Ará Mọ́níyà rẹ́rìn-ín sí mẹ́jọ tó di mẹ́tàdínlógún. Fọ́ọ̀mù ló ń ti ibẹ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n máa ṣe SDG, àwọn ìjọba fẹnu kò ní ìpàdé kan ní Rio, ní Brazil, ní oṣù kẹfà 2012 pé àwọn fúnra wọn ló máa kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tó ní ọgbọ̀n àga ni wọ́n gbé kalẹ̀, aṣojú Kẹ́ńyà àti ti Hungary ló darí rẹ̀, láti oṣù kẹta 2013 sí oṣù keje 2014. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú rí ààyè wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ akàndá ló mọ iṣẹ́ jù lójú mi. Wọn ò mú ẹkún dání, gbólóhùn ni wọ́n mú dání: ẹ fi ọ̀rọ̀ báyìí síbí, ẹ fi ọ̀rọ̀ báyìí sọ́hùn-ún. Ẹ ka ìwé náà wò, ẹ ó bá akàndá níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Láti òdo sí mọ́kànlá! Ti àwọn arúgbó náà wọlé díẹ̀: wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwọ̀ nílùú ńlá, àfojúsùn kẹta sì sọ pé ìlera wà fún gbogbo èèyàn ní gbogbo ọjọ́ orí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ibí ni mo ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn wà lókè, òṣùwọ̀n wà nísàlẹ̀. Òṣùwọ̀n lẹni tó ń pín owó ń wò. Lábẹ́ àfojúsùn kẹta yẹn kan náà, wọ́n ní kí ikú àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró dín kù. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n ń wo àwọn tó kú láàárín ẹni ọdún 30 sí 70. Wọ́n ní ikú àìtọ́jọ́ làwọn fẹ́ dènà. Ọdún mélòó ni Ìyá Alákàrà? Bó bá ti lé ní àádọ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e dè (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ikú rẹ̀ ò sí nínú oǹkà yẹn. Ìjọba lè gbàgbé rẹ̀ pátápátá kí èsì wọn ṣì dára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà. Nínú àwọn obìnrin, àwọn ẹni ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Opó ẹni ọdún 66 tí àwọn ẹbí ọkọ lù jáde nílé ọkọ, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nítorí náà, tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, n ò ní béèrè àfojúsùn kejìdínlógún fún àwọn arúgbó. Wọn ò ní fún yín, ìgbìmọ̀ mẹ́wàá ló ń béèrè tiwọn. Òpin ọjọ́ orí yẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n yọ. Nǹkan kékeré ni, ó ṣeé sọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí olóṣèlú tó máa dìde pé òun ò fẹ́ kí wọ́n ka ìyá òun.

Ta lẹ máa sọ ọ́ fún? Kì í ṣe New York. Ìjọba ló ń jókòó níbẹ̀, ẹnu ìjọba lọ̀rọ̀ yín máa gbà wọlé. Òṣùwọ̀n, àwọn onímọ̀ ìṣirò ìjọba ló ń ṣe é, torí náà ẹ rántí National Bureau of Statistics. Ọ́fíìsì SDG tó wà lábẹ́ ààrẹ náà wà, àwọn ló ṣètò ìròyìn lórí ibi tí SDG dé, èyí tí Nàìjíríà gbé lọ sí New York ní 2017 àti 2020. Òfin 2017 ti dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀, ti arúgbó ni wọ́n, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Agodi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì wá ọ̀gá pátápátá. Ọ̀gá kì í kọ ìwé. Ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ìpele kejìlá, ìkẹrìnlá, tó ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ló ń kọ ọ́, ọ̀gá á yí ọ̀rọ̀ méjì padà, á fọwọ́ sí i. Ẹni yẹn kì í lọ nígbà tí ìjọba bá yí padà. Ìpàdé àwọn ààrẹ ní oṣù kẹsàn-án 2024 ti fi í sínú ìwé pé ní oṣù kẹsàn-án 2027, àpérò kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa gbé bí iṣẹ́ ṣe máa lọ dé 2030 àti lẹ́yìn rẹ̀ yẹ̀ wò. 2027 náà ni ìdìbò Nàìjíríà. Tí ẹ bá dúró di ọdún yẹn, ariwo ìbò á bò yín mọ́lẹ̀.

Ti òṣèlú tó ń bà ọ́ lẹ́rù: ẹ lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe, ẹ má sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó ṣe é. Ẹ má wọ ańkárá ẹgbẹ́ kankan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò àpò ìrẹsì tó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú àwọn arúgbó yín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ará Mọ́níyà

Bàbá, mo ka tiyín tán, mo sì kí yín. Ti 30 sí 70 yẹn dùn mí, n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Lọ́dún 2011, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà ní ₦5,000 lóṣooṣù. SDG ò tíì sí láyé nígbà náà, MDG ò sì dárúkọ arúgbó, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ kàn pinnu ni. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Nígbà tó fẹ́ ṣe é, kò dúró de New York. Nígbà tó fẹ́ fi í sílẹ̀, New York ò dá a dúró.

Ẹ tún wo ìlú ọba. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ilé aṣòfin fi ṣe òfin ní 2015 pé ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ máa lọ sí ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Òfin ni o, kì í ṣe àfojúsùn. Ní 2021 wọ́n gé e sí 0.5. Ní 2025 olórí ìjọba wọn kéde pé 0.3 ló máa kù tó bá di 2027. Níbo ni gbogbo gbólóhùn tí wọ́n kọ wà?

Ìbàdàn ní Manchester

Ọmọ Ìnàlendé ni mí, ẹgbẹ́ aláàánú kan ní ìlú ọba níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tí Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà sọ. Ó dùn wá gan-an, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi nítorí ẹ̀.

Mo kàn fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ṣe é kún un, torí ó jọ ohun tí Bàbá sọ. Nígbà tí wọ́n ń múra SDG, David Cameron, olórí ìjọba ìlú ọba nígbà náà, wà lára àwọn mẹ́ta tó darí ìgbìmọ̀ àwọn èèyàn ńlá tí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, gbé kalẹ̀, òun, Ellen Johnson Sirleaf ti Làìbéríà, àti Susilo Bambang Yudhoyono ti Indonesia. Àwọn ẹgbẹ́ ibí mọ̀ pé ẹni tó wà nítòsí wọn ti ní àga níbẹ̀. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó lé ní 1,000 káàkiri ayé, wọ́n pe ara wọn ní Beyond 2015. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ilẹ̀ òkèèrè náà pe àwọn aráàlú kí wọ́n kọ èrò wọn wá, wọ́n sì gbé ìròyìn tiwọn jáde ní oṣù kìíní 2013. Kò sí idán níbẹ̀. Ìwé kíkọ ni, àti pípadà lọ.

Ibi tí a kù sí ni pé bí ìwé ṣe di fífọwọ́ sí, kálukú lọ sílé. Àwọn tó kọ gbólóhùn yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì mọ ara wọn. Ní 2014, òfin kan tún jáde tó dín owó tí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti òṣèlú lè ná sórí ìpolongo kù nígbà tí ìbò bá ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú pa ẹnu mọ́ nígbà yẹn, kódà lórí ohun tí òfin ò kà léèwọ̀. Ẹ̀rù lásán.

Ọmọ Bẹẹrẹ, ilẹ̀kùn mìíràn ti ṣí tí kò sí nígbà tiwa. Ìwé àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n gbà wọlé ní Addis Ababa ní oṣù kìíní 2016, di òfin tó múlẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2024. Ní oṣù kẹrin 2025, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva gbà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àdéhùn àgbáyé fún ẹ̀tọ́ wọn. Nínú ètò SDG gan-an, àkójọ kan wà fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ arúgbó, Stakeholder Group on Ageing ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí ò gba owó ọkọ̀ kankan.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Nọ́ọ̀sì. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè ní ìpàdé wa lánàá. Nígbà tí mo dé ibi 30 sí 70, gbogbo ilé dákẹ́. Akápò ní ṣé òótọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí àwọn tó ń fi Micra gbé lọ sí ọsibítù, ìyá mélòó ló kọjá àádọ́rin. Ìyá Alákàrà fúnra rẹ̀ ò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ogun Hitler ló fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀.

A ti fẹnu kò báyìí. A ò ní fọwọ́ kan owó oògùn. Owó ọkọ̀ Abuja, télọ̀ àti èmi la máa dá a. Akápò lóun á fi Micra gbé wa dé Agodi lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ òun ò ní wọlé, torí òun ò fẹ́ràn ọ́fíìsì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ sí UCH bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà, ti Èkìtì yẹn la máa gbé lọ bá aṣòfin àdúgbò wa lọ́tọ̀.

Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó, Bàbá:

"Àwa ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Ìbàdàn ń fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bẹ ìjọba Nàìjíríà àti gbogbo àgbáyé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ rántí àwọn arúgbó wa nínú ohun gbogbo tí wọ́n bá ń ṣe lẹ́yìn 2030, torí pé àwọn ló tọ́ wa dàgbà, àwọn ló sì kọ́ ìlú yìí, kò sì yẹ ká gbàgbé wọn."

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ó dùn, ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí o ti kà á.

Ẹni tó máa gba ìwé yìí máa kà á dé "tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀," á gbé ife tíì. Yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò. Yọ àgbáyé kúrò, Nàìjíríà lò ń bá sọ̀rọ̀. Kọ ọ́ báyìí:

"Kí Nàìjíríà béèrè pé kí òṣùwọ̀n èyíkéyìí tó máa wà lẹ́yìn 2030 lórí ìlera, òṣì àti ìwà ipá má ṣe ní òpin ọjọ́ orí lókè, kí wọ́n sì máa gbé èsì àwọn tó ti lé ní 60, 70 àti 80 jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Ó tán. Abẹ́ rẹ̀ ni kí o wá kọ ìdí sí: 30 sí 70, 15 sí 49, iṣẹ́ Ìdíkàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé wíwádìí nípa àwọn tó ti lé ní 65 ṣeé ṣe ní Nàìjíríà, torí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa sọ ni pé kò ṣeé ṣe. Ẹyọ ìtàn kan péré, ti Ìyá Alákàrà, má ju ìlà mẹ́rin lọ, má sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é gan-an. Ti pé kò mọ ọdún tí wọ́n bí i yẹn, fi í sí i. Àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ní ọjọ́ orí arúgbó ò dájú. Ẹ ti dá wọn lóhùn kí wọ́n tó béèrè: àwọn tó ṣe iṣẹ́ Ìdíkàn náà bá irú ìṣòro yẹn pàdé, wọ́n sì ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ṣírò rẹ̀. Bi wọ́n ní UCH, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ọ́.

Ojú ìwé kan, kì í ṣe méjì. Ẹ lọ láàárọ̀, kó tó di ago mẹ́wàá, má lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan jẹ́ tiwọn, èkejì ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á sí i kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì rẹ̀.